Àpótí Páànù àti Kayé Ìsinmi: Ìwé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ ní Apá Méjèèjì Bodè

Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa, orí ìwé ìjọba ni a sábà máa ń gbé e kà: ọdún tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà, iye àwọn tí ó yege nínú ìdánwò. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ lálẹ́, ẹni tí ó san owó rẹ̀, tàbí èdè tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ nígbà tí a bá ti pa iná ní yàrá ìbùsùn. Inú ìwé ilé ni irú nǹkan wọ̀nyẹn ń gbé: lẹ́tà, ríṣíìtì, èsì ìdánwò, fọ́tò, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, tí ẹnì kan kó pamọ́ sínú àpótí. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni irú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọ̀kan láti ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba, èkejì láti ibi tí Faransé ti jọba. Ìbéèrè wa kò ṣòro: ta ni akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ̀wé sí, níbo sì ni ìwé náà sùn sí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ko-Koumolou àti agbègbè rẹ̀ gidigidi. Ko-Koumolou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìfọ̀nyìn, tí ìjọba ń kọ ní Ifangni. Ní abẹ́ Ìfọ̀nyìn yìí kan náà ni Ìgólò wà, tí í ṣe bodè. Ẹni tí ó bá ré e kọjá ti dé Ìdí-Ìrókò, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó bí ìlà náà. Ìlà kò béèrè ẹni tí í ṣe ìbátan ẹni. Àwọn Ìfọ̀nyìn wà ní ìhín, wọ́n wà ní ọ̀hún. Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ní agbègbè Ìpókíá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tẹ ìwé kan jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó láti 1889 sí 1945. Ó fi hàn nínú rẹ̀ bí owó-orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti ìfipámúni-sógun ṣe lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní apá Faransé lọ sí apá Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi hàn pẹ̀lú pé ọ̀nà tí apá méjèèjì gbà kọ́ ọmọ ní ìwé yàtọ̀ síra. Láti inú agbo ilé kan náà, ọmọ kan lè lọ sí Àjàṣẹ́ lọ kọ́ Faransé, kí àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ré bodè kọjá lọ kọ́ A B D. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá dàgbà tán, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn kò ní jọra mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀hún. Àpótí ìwé bàbá tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí Wọlé Ṣóyínká bá nílé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ ni bàbá náà, S. A. Ṣóyínká, ó sì ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Aké, Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó ti ka Aké, ìwé tí ọmọ náà kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní 1981, mọ̀ ọ́n sí «Essay», nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà méjì tí ó ṣáájú orúkọ rẹ̀, S. A., ṣe ń dún ní etí. Àpótí páànù lásán ni. Lẹ́tà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a fàlà sí lójú ewé, àkọsílẹ̀ kéékèèké, ríṣíìtì owó-orí àti ti owó ìdájọ, ìwé ìpàdé, ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́, àti ìwé ètò àwọn ayẹyẹ. Láti inú ẹrù yìí ni Ṣóyínká ti fa ìwé Ìsarà yọ ní 1989, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Ìwé náà sọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Iléṣà, èyí tí ó pè ní St. Simeon's. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́, wọ́n fọ́n ká sí ìlú oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n wọn kò tú ká. «Ex-Ilé» ni wọ́n ń pe ara wọn. Iléṣà ni a gé kúrú síbẹ̀, etí Yorùbá kò sì lè ṣàì gbọ́ «ilé» nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí a lé kúrò ní ìlú rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ mẹ́ta: àwọn tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Iléṣà, àwọn tí ó jáde nílé, àwọn tí ó wà ní àjò. Kò sí ìwé ìjọba tí ó lè fún wa ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ inú ìròyìn ọdún.

Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí ń bá ara wọn jiyàn lé lórí kò kéré. Ogun tí Ítálì gbé lọ bá Etiópíà ní 1935 wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwò àti gbèsè wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oyè Ọdẹmọ ti Ìsarà sì wà nínú rẹ̀, oyè tí ó bọ́ sọ́wọ́ Samuel Akínsànyà, olóṣèlú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, ní 1941. Olùkọ́ tí ìwé náà dá lé lórí ní ọ̀rẹ́ kan tí kò rí rí, ará Ashtabula ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi lẹ́tà bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti òkè òkun. Orúkọ ìlú Ashtabula náà wù ú bí ọfọ̀.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra o. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé òun kò kọ ìtàn ìgbésí-ayé gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, pé òun ti yí ètò ọdún àti ìgbà padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kí ó má lọ mú Ìsarà ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí ìwé náà kọ́ òpìtàn ni ohun tí ń bẹ nínú àpótí, àti bí a ṣe kó wọn jọ síbẹ̀. Ní tèmi, àwọn ríṣíìtì owó-orí ṣe pàtàkì bí lẹ́tà, bóyá jù ú lọ. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà mọ̀ pé a ó kà á, ó sì lè ṣe ojú rere. Ríṣíìtì kì í ṣe ojú rere fún ẹnikẹ́ni: ọjọ́, iye owó àti ìlú ni ó ń sọ. Bí a bá tò ó sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, a ó mọ ibi tí ọkùnrin náà ń gbé nígbà tí ó ń kọ̀wé, a ó sì mọ bí ohun tí ó ń ṣèlérí ti tóbi tó sí ohun tí ń bẹ lápò rẹ̀.

Kí ló dé tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ fi wọ́pọ̀ ní apá ọ̀hún? Ìdí kan ni pé láti ìgbà pípẹ́ ni ìwé kíkọ ti di ohun tí Yorùbá ń ṣe fún Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àjàyí Crowther, tí ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ìpàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà wáyé ní Èkó ní 1875. Bíbélì sì parí ní 1884. Nígbà tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896, ọmọ tí ó wọ ibẹ̀ ti mọ̀ pé a lè fi èdè ìyá rẹ̀ ránṣẹ́. Ní 1929, nígbà tí I. B. Thomas fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí ó pè ní Ṣẹ̀gilọlá nínú Akéde Èkó, lẹ́tà ni ó fi ṣe é, lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé ènìyàn gidi ni ó ń kọ ọ́. Èyí kò wí pé Yorùbá nìkan ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Akínpẹ̀lú Obíṣẹ̀san ti Ìbàdàn, tí ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún wọn, kálukú sì ń mú èyí tí ó bá ẹni tí ó ń kọ̀wé sí mu.

Ní apá tiwa, ọ̀nà kan ni a ṣí, a sì fi òfin ti èkejì. Ní 1924, ìjọba Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàṣẹ pé èdè Faransé nìkan ni a gbọ́dọ̀ lò nínú ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo wa ni a mọ «symbole», igi tàbí ohun àbùkù tí a ń gbé kọ́ ọmọ tí a bá ká èdè ilé mọ́ lẹ́nu, tí òun náà yóò sì máa ṣọ́ ẹlòmíràn kí ó lè gbé e fún un. Bernard Dadié ti Ivory Coast ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Climbié, ní 1956. Ọmọ tí ó bá la ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kọjá yóò lọ sí Victor Ballot ní Àjàṣẹ́. Àwọn díẹ̀ tí ó bá sì yege ìdánwò yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl, sí École normale William-Ponty.

Ní Saint-Louis ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1903. Ó lọ sí erékùṣù Gorée ní 1913, ó gba orúkọ gómìnà àgbà William Ponty lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1915, ó sì wá kó lọ sí Sébikotane ní apá ìparí àwọn ọdún 1930. Kò tóbi, ṣùgbọ́n láti inú rẹ̀ ni àwọn tí yóò ṣe olórí orílẹ̀-èdè ti jáde: Houphouët-Boigny, Modibo Keïta, Hamani Diori, àti Hubert Maga tiwa. Ìjọba ni ó ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò sin ìjọba fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí ń ṣe sí àpótí ilé. Bàbá kò san owó ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà kò ní ríṣíìtì. Ọmọ kò níláti kọ̀wé béèrè owó, nítorí náà lẹ́tà tí ó pọ̀ jù lọ nínú àpótí akẹ́kọ̀ọ́ ibi gbogbo, èyíinì ni lẹ́tà «owó ti tán lọ́wọ́ mi», kò ní ìdí láti wà.

Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ponty kọ̀wé, wọ́n kọ ọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, a máa ń fún wọn ní iṣẹ́ ìsinmi: kí kálukú lọ sí ìlú rẹ̀, kí ó wádìí ọ̀rọ̀ kan, oúnjẹ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ, kí ó sì kọ ọ́ sínú kayé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún kayé wọ̀nyí ni ó wà ní Dakar, ní ilé-ìwádìí IFAN, títí di òní. Láti inú ìwádìí irú èyí ni eré orí ìtàgé Ponty ti gba agbára: ní 1933 àwọn ọmọ Dàhọ̀mì ṣeré ìpàdé ìkẹyìn Béhanzin àti Bayol, ní oṣù kẹjọ 1937 wọ́n sì ṣe Sokamé ní Paris. Àwọn òpìtàn ń lo kayé náà púpọ̀, wọ́n sì jàre.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe kọ wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin dé láti Gorée, ó jókòó ti ìyá bàbá rẹ̀, ó béèrè bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. Èdè ilé ni ó fi béèrè. Èdè ilé ni ìyá fi dáhùn, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú oríkì, bóyá pẹ̀lú ẹkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ìdí àtùpà, tí ó yí gbogbo rẹ̀ padà sí Faransé fún olùkọ́ tí yóò máàkì í. Ọ̀rọ̀ ìyá kò sí nínú kayé, àfi níbi tí Faransé kò bá ti ní orúkọ fún nǹkan, oúnjẹ kan, ewé kan, òrìṣà kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ wọ̀nyẹn nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú ohùn ìyá. Nígbà tí ìsinmi parí, kayé bá ọkọ̀ ojú omi padà lọ. Olùkọ́ ni a kọ ọ́ sí, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni ó sì kú sí. Ẹni tí ó sọ ìtàn náà kò rí ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ mú dání.

Níbì kan, ọ̀rọ̀ rí bákan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Saint-Gall ní Wídà, tí a dá sílẹ̀ ní 1914, ẹ̀kọ́ ìsìn ń béèrè èdè tí ìjọ gbọ́. Àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ti kọ́kọ́ mọ èyí láti àwọn ọdún 1880, nígbà tí Bouche àti Baudin kọ ìwé lórí èdè Nàgó. Ọmọ Kétu ni Thomas Mouléro, ọmọ Dàhọ̀mì àkọ́kọ́ tí a fi jẹ àlùfáà, ní 1928. Ó sì padà kọ ìtàn Kétu sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá fi èdè ọmọ ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ lè mú ìwé rẹ̀ padà wá sílé.

Nísinsin yìí, kí a wá sórí lẹ́tà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan onímọ̀-èdè. Ní ìgbà tí a ń wí yìí, bàbá tí a kọ̀wé sí kò mọ̀wé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹlòmíràn ni yóò kà á fún un: olùkọ́ ìjọ, akọ̀wé, ọmọ aládùúgbò tí ó wà ní kíláàsì kẹfà. Nítorí náà lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ọmọ tí ń kọ ọ́ mọ̀ pé ojúde ni a ó ti kà á, pé ìyàwó bàbá yóò gbọ́, pé àbúrò bàbá yóò gbọ́. Ìdí nìyí tí ìkíni fi ń gba ìdajì ewé: ó kí bàbá, ó kí ìyá, ó kí ìyá àgbà, ó kí àwọn ẹ̀gbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó sọ pé ìdí tí òun fi kọ ìwé yìí ni báyìí báyìí. Àwọn kan a máa fò ó kọjá nígbà tí wọ́n bá ń da lẹ́tà àtijọ́ kọ. Àṣìṣe ńlá ni. Nínú ìkíni ni a ti ń mọ ẹni tí ó wà láàyè ní ọdún náà, ẹni tí ó wà nílé, ẹni tí ọmọ náà gbà pé òun jẹ ní gbèsè, àti ẹni tí kò kí.

Bí a bá kọ lẹ́tà náà ní Yorùbá, ẹni tí ń kà á yóò ka ohun tí ọmọ kọ. Bí ó bá jẹ́ Faransé ni, ẹni tí ń kà á níláti túmọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Faransé gba ọmọ láàyè láti pe bàbá rẹ̀ ní «tu». Nínú ìwé, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni yóò wo ojú bàbá rẹ̀ kí ó sọ pé «ìwọ»? Bí ọmọ bá kọ «vous», ó dà bí ẹni tí ń kọ̀wé sí kọmandáǹ. Bí ó bá kọ «tu», ó dà bí ẹni tí ó ti ya ìyàkuyà ní Dakar. Ẹni tí ń túmọ̀ ni yóò bá a fi «ẹ» sí i. Ọ̀wọ̀ tí bàbá gbọ́ nínú lẹ́tà náà, ẹnu òǹkàwé ni ó ti wá.

Nítorí náà, nígbà tí a bá bá irú ìwé wọ̀nyí pàdé ní ilé kan ní Ko-Koumolou, ní Ìfọ̀nyìn tàbí ní Sakété, kí ikán tó bá wọn pàdé, kí a kọ́kọ́ kọ bí wọ́n ṣe tò sínú àpótí sílẹ̀ kí a tó tú wọn: èwo ni a dì pọ̀ mọ́ èwo, èwo ni ó wà nísàlẹ̀. Kí a béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé ẹni tí ó ń ka lẹ́tà fún bàbá. Kí a sì fi ìwé náà sílẹ̀ nílé. Àwòrán rẹ̀ tó fún wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì. A lè mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lọ láti inú ọ̀nà tí ó gbà kọ Yorùbá rẹ̀, kódà bí kò bá sọ ọ́. Ẹ wo orúkọ ìlú wa: «Koumolou». Ọwọ́ Faransé ni ó kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀yọ́ ni, «Kumolu» ni ìbá kọ. «Ifangni» pẹ̀lú, inú «gni» rẹ̀ ni a ti rí ọwọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n ibi tí ó léwu jù ni àmì orí lẹ́tà. Ẹni tí ó kọ́ ìwé ní apá Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá fi àmì sórí «e», ohùn ni ó ń sọ: «è» ń lọ sísàlẹ̀, «é» ń lọ sókè, àmì abẹ́ ni ó sì fi ń ya «ẹ» sọ́tọ̀. Ẹni tí ó kọ́ Faransé kò ní ohùn lọ́kàn rárá. «É» tirẹ̀ ni «e», «è» tirẹ̀ ni «ẹ», bí Beninì ṣe ń fi «ɛ» kọ ọ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè. Bí a bá rí i nínú lẹ́tà kan pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé sílé pé «ètè» ń dun ọ̀rẹ́ òun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti kàwé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ètè ẹnu ni. Òróró díẹ̀ yóò wò ó sàn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Victor Ballot, ẹ̀tẹ̀ ni ó ń wí, a sì mọ ìdí tí lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e kò fi dárúkọ ọ̀rẹ́ náà mọ́.